Àkísà Àgbà: Abẹ́wò sí Yunifásítì Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní S.S. 2 lọ wo Yunifásítì Ìbàdàn. Yunifásítì ti pọ̀ nílẹ̀ wa lónìí, ilé àwọn mìíràn sì tún ń dán ju ti Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n owó kò lè ra ìtàn.

Lọ́dún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé Ìgbìmọ̀ Elliot kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti wà lára wọn. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Kuti Hall. Lọ́dún 1948, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun àgbáyé kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà, Arthur Creech Jones, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wá ṣí ilẹ̀ ní ibùdó tí wọ́n wà títí dòní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá lọ́dọọdún.

A rí ògiri oníhò tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé. A gbọ́ nípa gáùnù tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìgbàwọlé, àti bí àwọn ará Mellanby, Tedder àti Sultan Bello ṣe ń fi orúkọ ilé wọn yangàn títí dọjọ́ ogbó. Òyìnbó ló kó púpọ̀ nínú àṣà wọ̀nyí wá. Látìn ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ara àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Oyè Yunifásítì London ni wọ́n sì ń gbà títí di 1962, tí ó dá dúró.

Níwájú Trenchard Hall, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi bi mí pé: "Mà, níbi tí Látìn ti gbilẹ̀ báyìí, kí ni Yorùbá wá ń wá níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà ta mí lára, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún un. Ọmọ Ìbàdàn ni. Èdè Faransé ló ń kọ́ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Síbẹ̀, láàárín 1961 sí 1962, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó jókòó, ó fi Yorùbá kọ eré oníṣe lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó ní kó kọ ọ́ fún ìdánwò. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, Yorùbá sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó papò dà lọ́dún 2018, àìmọye ọmọ ilé-ìwé ló ti ka ìwé náà.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Mà, ṣé ìwé tí a ń kà ní kíláàsì náà nìyẹn?" Mo ní òun náà ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa kó àwọn ọmọ lọ wo irú ibi báyìí. Gáùnù tí a yá kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó yá ẹ̀wù wọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀wù tó wà nínú àpótí bàbá rẹ̀.