Tai Solarin àti Àwọn Tó Tì Í Mọ́lé

Tí ọ̀rọ̀ ìjọba ìkà bá délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Malton, ní Kánádà, bóyá lẹ́yìn ìsìn ni o, bóyá níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Westwood, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní àìgbàgbọ́ ló ń fà á. Wọ́n á dárúkọ Stalin. Wọ́n á dárúkọ Enver Hoxha tó ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ Albania pa ní 1967. Òótọ́ ni. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì ní gbèjà Hoxha láéláé. Ṣùgbọ́n Mayflower tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé ìwé tí aláìgbàgbọ́ dá sílẹ̀, ni mo ti kàwé, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí n dákẹ́.

Aláìgbàgbọ́ ọ̀hún ni Tai Solarin. Wọ́n bí i ní 1922, ó wọ RAF, iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ atọ́nà ọkọ̀ òfurufú ló sì ṣe. Irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Malton níbí lákòókò ogun kan náà, ní No. 1 Air Observer School, ní pápá ọkọ̀ òfurufú tó ti di Pearson lónìí. Ilé iṣẹ́ Victory Aircraft tó wà níbẹ̀ ṣe ọkọ̀ ogun Lancaster 430 láti fi bá Hitler jà. Sójà Jámánì tí wọ́n ń bá jà, wọ́n kọ ọ́ sára irin bẹ́líìtì rẹ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn. Kí àwọn tó ń ka orúkọ Stalin jọ̀ọ́ ka bẹ́líìtì yẹn mọ́ ọn.

Solarin fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, torí pé kò fara mọ́ fífi dandan mú ọmọ ṣe ìsìn. Lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀. Kò sí orin ìsìn ní àpéjọ àárọ̀ wa. Ọkọ́ àti àdá la gbé, a roko, a bọ́ adìyẹ, a gé búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá fúnra wọn, ṣòkòtò péńpé kakí ni. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi pé mo máa di kèfèrí, síbẹ̀ wọ́n san owó ilé ìwé mi.

Ní October 1, 1974, Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ọmọ ajíhìnrere CMS láti Wusasa, kéde pé ìjọba kò ní bọ́ sọ́wọ́ alágbádá ní 1976 mọ́. Solarin kọ ìwé pélébé kan, The Beginning of the End, ó pín in fáráyé, wọ́n sì mú un. Nígbà tí Buhari gbàjọba, ìyẹn mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, Decree 2 ti 1984 fún ìjọba láṣẹ láti ti èèyàn mọ́lé láìgbé e dé kóòtù. Wọ́n tún gbé Solarin, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu.

Ṣé ìsìn ló wá jẹ̀bi? Rárá o. Láyé àtijọ́, igbákejì òrìṣà ni Aláàfin, ọba Ọ̀yọ́, síbẹ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn olóyè rẹ̀, lè kọ ọba, Baṣọ̀run á sì jẹ́ iṣẹ́ fún un pé òrìṣà ti kọ̀ ọ́, kó lọ kú. Baṣọ̀run Gáà fi àṣà yẹn pa ọba tẹ̀lé ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Gáà ni wọ́n mú, Gáà ni wọ́n pa. Wọn ò wó ojúbọ òrìṣà. Bákan náà ló rí nígbà ìjọba ológun Abacha: àwọn àlùfáà kan ń gbàdúrà fún un, Bíṣọ́ọ̀bù Gbonigi ti Àkúrẹ́ sì ń bá a wí ní gbangba. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà.

Solarin náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ó dùn mí wọra pé ó gbà láti ṣe alága People's Bank fún Babangida ní 1989. Òun ló gbà á, àìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́. Nígbà tí Babangida yìí kan náà fagi lé ìdìbò June 12 ní 1993, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bọ́ sígboro láti fẹ̀hónú hàn. Ó kú ní 1994, ọdún kan náà tí wọ́n mú Abíọ́lá, ẹni tó borí ìdìbò yẹn.