Ilẹ̀ Ti Ní Ọ̀rọ̀ Tirẹ̀: Kíkọ Ìtàn Àdúgbò ní Èdè Yorùbá

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Apákun ní èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro pàdé kó tó parí ìlà àkọ́kọ́: kí ni ká pe Apákun gan-an? Àwọn awakọ̀ dáńfó mọ̀ ọ́n sí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù lójú títì márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá. Ìjọba kà á mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹni tó ń gbébẹ̀ á ní àdúgbò òun ni. Bẹ́ẹ̀ aba wà nílẹ̀, abúlé wà, ìletò wà, kò sì sí èyí tó lè dúró dípò èkejì. Ahéré tí àgbẹ̀ kọ́ sí etí oko ló ń sọ ibì kan di aba. Tí abúlé bá ti wà, ìdílé ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè ti ní baálẹ̀. Ìlú tó tóbi jù ú lọ ló sì ń bí àdúgbò. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì á fi settlement kan ṣoṣo kó gbogbo wọn sínú àpò kan náà, òǹkàwé kò sì ní mọ ìgbà tí ibi tó ń kà nípa rẹ̀ kúrò ní aba tó di abúlé, tàbí ìgbà tí ìlú gbé abúlé mì. Ìyẹn gan-an sì ni ìtàn tí a fẹ́ gbọ́ nípa ibi bíi Apákun.

Èyí ló mú mi gbà pé ṣíṣà ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ṣíṣẹ̀dá rẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìtàn ìlú àti àṣà ní èdè wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn àgbà, nínú orúkọ àdúgbò, àti nínú ẹjọ́ ilẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré nì, dó. Òun ló wà nínú tẹ̀dó, òun ló wà nínú ibùdó, òun náà ló sì fún wa ní ibùdókọ̀ tí àwọn oníròyìn orí rédíò ń lò lónìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Òun àti balógun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, kó àwọn èèyàn wọn lọ sí Ẹpẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọdún 1862, ibi tí Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ dó sí ní Erékùṣù Èkó ni à ń pè ní Ẹpẹ́tẹ̀dó títí dòní. Orúkọ yẹn nìkan sọ ibi tí wọ́n ti wá àti ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé. Òǹkọ̀wé tó bá ti ní irú èyí lọ́wọ́ kò nílò láti lọ hun ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ kan tó dá lórí ìṣípòpadà.

Ogun ọdún 1851 yẹn náà ní orúkọ. Àwọn ará Èkó ń pè é ní Ogun Ahóyaya, wọ́n tún ń pè é ní Ogun Àgídìǹgbì, nítorí bí ìbọn ńlá ṣe ń dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará òkè ṣe sọ ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ní Kírìjì. Etí ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ àwọn ogun wọ̀nyí lórúkọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé Yorùbá pé “ìkọlù àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó” kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé àlejò jókòó sí ìjókòó onílé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni èyí tó dùn mí jù. Títì tó gba Apákun kọjá ń lọ sí Àpápá, ilẹ̀ Àpápá ló sì gbé Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀, dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba amúnisìn ti gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ san owó fún un bí ẹni tó kàn ní àṣẹ díẹ̀ lórí rẹ̀. Herbert Macaulay bá a rìnrìn àjò náà ní 1920. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù, ìyẹn Privy Council, dájọ́ ní 1921, Olúwa ló jàre. Adájọ́ Haldane, ẹni tó ka ìdájọ́ náà, kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ bí àwọn èèyàn ibòmíràn ṣe ń ní ilẹ̀. Ọ̀gá adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló rí i pé ọ̀rọ̀ èdè òun kò tó o gbé. Kí ló wá dé tí àwa fi ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa ilẹ̀ wa tán, tí a ó sì máa túmọ̀ rẹ̀ padà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan? Onílẹ̀, ọmọ onílẹ̀, ilẹ̀ ẹbí, ìṣákọ́lẹ̀: ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí èèyàn fi ń bá ilẹ̀ tan nìwọ̀nyí, ìjà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìtàn Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ṣeé kọ láìsí wọn.

Ní ọdún 1921 yẹn kan náà ni ìwé ńlá Samuel Johnson lórí ìtàn Yorùbá jáde. Johnson ti parí rẹ̀ ní 1897. Àwọn òǹtẹ̀wé sọ ọ́ nù, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ìlàrí, ajẹ́lẹ̀ àti ìwọ̀fà máa jẹ́ orúkọ wọn. Ó sọ gbangba pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún ìwọ̀fà. Àwọn kan sì ti fi Yorùbá kọ tiwọn kó tó jáde: I. B. Akínyẹlé kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, M. C. Adéyẹmí kọ Ìwé Ìtàn Ọ̀yọ́ ní 1914. Kò sí ìwé èdè-ìperí kankan, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀, lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ó di 1984 ni irú rẹ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ló sì dá lé. Ìtàn kò rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀.

N kò sọ pé ká má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ o. Irinṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nílò orúkọ. Ọ̀rúndún ti wọlé dáadáa, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Awalẹ̀pìtàn dára gan-an, nítorí pé ó gùn lé òpìtàn tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́ á mọ̀ pé ẹni náà ń wa ilẹ̀ kó lè rí ìtàn pa. Atọ́ka wúlò lẹ́yìn ìwé, àlàyé ìsàlẹ̀ náà ò burú. Èyí tí n kò fẹ́ràn ni “ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa” tí wọ́n ń so mọ́ iwájú gbogbo ẹ̀kọ́ títí ẹnu á fi rẹ èèyàn. Ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó fún un.

Ẹ̀rí ni ohun tó ṣòro jù fún òpìtàn, níbẹ̀ sì ni èdè wa ti lágbára tí a kì í lò. “Wọ́n ní” yàtọ̀ sí “a bá a nínú ìwé”, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí “ó ṣojú mi”. Òpìtàn tó bá ń fi èyí tó yẹ sí ibi tó yẹ ti sọ orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó kan àlàyé ìsàlẹ̀. Bí Apákun ṣe bẹ̀rẹ̀, “wọ́n ní” ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tó kún títì Òṣòdì, àìmọye ọlọ́jà, àgbèrò àti awakọ̀ ló ṣì wà láàyè tí wọ́n lè sọ pé ó ṣojú àwọn. Gáréèjì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ nígbà náà. Ibùdókọ̀ alájà tí wọ́n ṣí ní 2019 wá lẹ́yìn. Kí ìwé ìtàn tí a bá kọ jẹ́ kí ibẹ̀ jẹ́ gáréèjì ní ojú-ìwé 2009, kó sì di ibùdókọ̀ ní ojú-ìwé 2019.