Àwọn Ìyá Moss Side Tí Wọ́n Gbèjà Orí Ọmọ

Ní ọdún 1971, Bernard Coard, olùkọ́ ọmọ Grenada tó ń ṣiṣẹ́ ní London, gbé ìwé kékeré kan jáde. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ Karíbíà tí wọ́n ń kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí ìjọba ní ọpọlọ wọn kò gbé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdánwò tí wọ́n fi ń díwọ̀n wọn kò bá èdè àti ìgbé ayé ilé wọn mu, àwọn olùkọ́ kò sì retí ohun rere lọ́wọ́ wọn.

Lójú oníṣẹ̀ṣe, èyí ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé kò lè mọ̀wé, orí ọmọ náà ló ń bú. Bí ọmọ bá sì gbà á gbọ́, òun náà yóò máa bá wọn bú orí ara rẹ̀.

Àwọn òbí kò káwọ́ gbera. Káàkiri àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ti tọ irú ọ̀nà yìí ṣáájú. Ní 1964, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣí Freedom Schools tó lé ní 40 ní Mississippi. Ẹgbẹ́ Black Panther ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ní Oakland láti 1973 di 1982. Oseijeman Adefunmi, tó dá Yoruba Temple sílẹ̀ ní Harlem ní 1960, tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó sí South Carolina ní 1970, kí àwọn ọmọ lè dàgbà sínú èdè, ìlù àti ìsìn òrìṣà.

Ní Manchester, àwọn obìnrin ló gbé ẹrù náà. Ní 1980, Kath Locke, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Elouise Edwards, tó wá láti Guyana, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Abasindi Co-operative sílẹ̀ ní Moss Side. Èdè Zulu ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ó ń tọ́ka sí àwọn tó la ewu já. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ń kàwé níbẹ̀. Lábẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n ń dirun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń lùlù, wọ́n sì ń jó. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Moss Side ní July 1981, àwọn obìnrin yìí tọ́jú àwọn tó fara pa.

Abasindi kì í ṣe ilé òrìṣà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ni kò ṣàjèjì sí awo. Ọmọ awo kì í fi etí nìkan kọ́ Ifá. Ó ń gbé ọ̀dọ̀ olúwo, ó ń gbálẹ̀, ó ń gbé àpò, ó ń wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ Moss Side náà rí àgbà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì rí i pé àwọn tó jọ wọ́n mọ nǹkan.

Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1981 mú orúkọ burúkú tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ìyá kò parí síbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà lókè òkun ní kíláàsì fún àgbà tó fẹ́ tẹfá. Àwọn ọmọ inú ilé náà ńkọ́? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.