Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Ti Lọ Lè Má Tíì Dé

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ẹ óò bá lẹ́nu ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù, olùdarí iléèwé àdáni àti oníṣòwò ajílẹ̀, láti Ìtàjí títí dé Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó ní Èkìtì. Wọ́n ní bí a bá ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn sínú àtẹ Google Sheets, tí a sì so àtẹ náà mọ́ ìlà fóònù iléeṣẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Àtẹ ni yóò máa pe ìpàdé, òun ni yóò máa rán àwọn tó jẹ gbèsè létí. Akọ̀wé kò ní yẹ nǹkan kan wò mọ́.

Ìgbàgbọ́ náà kì í ṣe àlá lásán. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Twilio ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, tí Africa's Talking sì tẹ̀lé e ní Nairobi lọ́dún 2010, ètò orí kọ̀ǹpútà ti lè pàṣẹ fún ìlà fóònù pé kó pe ènìyàn tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń gba akọ̀wé ní odindi ọjọ́ kan, pẹ̀lú owó ìpè tó ń ti àpò ara rẹ̀ jáde, lè parí kí omi tó hó lórí iná. Èmi kò bá àsopọ̀ náà jà rárá. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, pé kò sí ohun tí a óò yẹ̀ wò mọ́, ni kò tọ̀nà.

Àtẹ fúnra rẹ̀ kì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ètò kékeré kan tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀ ló ń ṣe é, ètò náà kò sì ní jí àfi tí ohun tí a ní kó máa ṣọ́ bá ṣẹlẹ̀. Nínú Apps Script ti Google, ètò tí a ní kó jí nígbà tí ènìyàn bá fọwọ́ tún àtẹ ṣe kì í jí bí ètò mìíràn bá kọ nǹkan síbẹ̀, kì í sì í jí bí fọ́múlà bá yí iye kan padà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù yóò hàn kedere nínú àtẹ, síbẹ̀ ètò tó ń dúró de ọwọ́ ènìyàn kò ní mọ̀ pé ó dé. Ẹni tó so ó kò ka ìlànà rẹ̀, ó wá ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á.

Òdo iwájú nọ́ńbà tún ńkọ́? Òǹkà 11 ló wà nínú nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa, òdo ló sì ń ṣíwájú rẹ̀. Òótọ́ ni pé òdo iwájú kò já mọ́ nǹkan nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye tí a fẹ́ ṣírò. Google Sheets àti Excel kò mọ ìyàtọ̀ yìí bí a kò bá sọ fún wọn. Wọn yóò gé òdo náà, 11 yóò di 10. Bí a bá sì fi nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa, 234, bẹ̀rẹ̀, Excel lè sọ gbogbo rẹ̀ di 2.34803E+12, tí ojú ènìyàn kò ní dá nọ́ńbà kankan mọ̀ nínú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a sọ ìlà òòró náà di ọ̀rọ̀ lásán kí a tó tẹ nọ́ńbà kan sí i. Bí a bá dúró di ìgbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ tán, òdo tó ti lọ kò ní padà. Ó máa ń bí mi nínú láti rí àtẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ka nọ́ńbà inú rẹ̀ wò rí, tí wọ́n sì ti so ó mọ́ fóònù.

Ká gbà pé nọ́ńbà pé. Nọ́ńbà tó pé kò túmọ̀ sí pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ ló ni ín. Ìlà tí kò bá pa owó kankan wọlé fún iléeṣẹ́ rẹ̀ fún 180 ọjọ́ ni wọ́n lè tì pa ní Nàìjíríà; bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Bàbá tó ti ṣaláìsí láti ọdún kẹta, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kó lọ sí òkè òkun, lè ṣì wà nínú àtẹ, kí ìránnilétí gbèsè rẹ̀ sì máa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ẹ fi ti àwọn ìyá àgbà kún un, tó jẹ́ pé fóònù ọmọ wọn ní Ìkọ̀lé ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Àwọn tó gbà pé ẹ̀rọ nìkan tó máa ń tọ́ka sí ètò ajílẹ̀ tí Akínwùmí Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, nígbà tó jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn. Àpẹẹrẹ tó dára ni. Orúkọ àgbẹ̀ wà lákọsílẹ̀, àṣẹ láti ra ajílẹ̀ ní ẹ̀dínwó sì ń dé orí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ènìyàn ló lọ kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ lábúlé, ènìyàn ló sì dúró ní ibùdó láti gbé àpò ajílẹ̀ fún un. Àpẹẹrẹ náà ń jẹ́rìí lòdì sí ohun tí wọ́n fi ń gbè lẹ́sẹ̀.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà: àwọn kan ṣì ń fi nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì pín àtẹ wọn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti yẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí ìjọba gbà kí ènìyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára jù ni ọ̀rọ̀ "ó ti lọ". Bí àtẹ bá kọ ọ́ síwájú orúkọ kan pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ, ohun tó mọ̀ kò ju pé iléeṣẹ́ tó ń bá a gbé àtẹ̀jíṣẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akéde tó ń lu agogo kiri àdúgbò ń rí ẹni tó yọjú síta. Ètò yìí kò rí ẹnikẹ́ni. Ìròyìn pé ó dé orí fóònù máa ń padà wá lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà, àfi kí a ní ìlà òòró mìíràn tí yóò gbà á. Láti ọdún 2016 sì ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti mú kí ẹnikẹ́ni lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dènà àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìpè ìpàdé gba ọ̀nà ìpolówó kò gbọdọ̀ bínú pé àwọn tó ti fi STOP ránṣẹ́ kò wá.

Èyí tó dùn mí jù kan èdè wa. Wọ́n ní fóònù kò gba àmì ohùn, nítorí náà kí a máa kọ Yorùbá ní ìhòòhò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń kọ́kọ́ lò ní à, è, é, ì, ò àti ù nínú. Kò ní á, í, ó, ú. Kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí ọ kan ṣoṣo bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí ìlànà kejì, àyè 160 á di 70. Ẹ́ tàbí ọ̀ a sì máa gba àyè méjì nínú rẹ̀. Bí ó bá ju 70 lọ, wọ́n á pín in sí ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbà ju 67 lọ. Ọ̀rọ̀ tó gba àyè 140, tí ì bá jẹ́ ẹyọ kan, á wá di mẹ́ta, á sì gba owó mẹ́ta. Fóònù gba àmì. Owó ló ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ èyí yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣókí, yóò fi nọ́ńbà kọ ọjọ́ àti iye owó, yóò sì fi àmì sí i. Fún àwọn tí kò mọ̀wé kà, kí ìlà fóònù náà gbé ohùn ọmọ ìlú kan sétí wọn, ní ẹ̀ka èdè Èkìtì gan-an.

Òfin ìdáàbòbò àlàyé ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náà kò fara mọ́ ìgbàgbọ́ yìí. Ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí àṣìṣe inú àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ di títúnṣe, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe lórí ọ̀ràn rẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀ tí ètò bá ti ṣiṣẹ́, kí akọ̀wé ṣí àtẹ, kí ó wo àwọn tí ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Bí àjèjì bá gbé e, kí ó pa nọ́ńbà náà rẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ìgbìmọ̀ tó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni nítorí pé kò fèsì, kí ẹnì kan kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀.