Àwọn Ànàgó tí a Sàmì fún Nínú Ẹ̀wọ̀n

Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ àwọn tí ń múra fún ìsàmì ní ilẹ̀ Ìpókíá yìí, ìbéèrè kan wà tí kì í ṣàì yọjú. Ẹnìkan nínú wọn, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti kàwé díẹ̀, yóò dìde, yóò ní: "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ṣé kì í ṣe àwọn tí ó ra àwọn baba wa lẹ́rú náà ni ó mú ẹ̀sìn yìí wá? Báwo ni a ó ti ṣe gbà pé òtítọ́ ni?" Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, a máa ń tètè dáhùn pé àwọn Pọtogí ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀ràn Ìjọ Àgùdà ni, kò kan tiwa. Ìdáhùn náà a máa pa olùbéèrè lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń padà jókòó kì í ṣe ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ìgbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ìtàn ni a rí i pé àwọn ènìyàn wa ti bèèrè rẹ̀ ṣáájú ní òkè òkun, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, àti pé púpọ̀ nínú wọn kọ ẹ̀yìn sí Ìjọ Àgùdà nítorí rẹ̀. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ànàgó ni àwọn ará Ìpókíá ń jẹ́, àwọn pẹ̀lú àwọn ará Ìfọ̀nyìn àti àwọn ìlú mìíràn tí ó wà ní ẹnu ààlà yìí. Nítorí pé àwọn Ànàgó ni ó súnmọ́ wọn jù, orúkọ yìí ni àwọn Fọ̀n àti àwọn aládùúgbò wọn fi ń pe gbogbo ẹni tí ń sọ èdè wa, láti ẹnu wọn ni àwọn oníṣòwò ẹrú sì ti gbà á lọ sí Bràsíìlì. Ní ìlú Salvador, tí í ṣe olú ìlú Bahia, bí a bá mú ènìyàn wá láti Ọ̀yọ́, Nagô ni. Bí ó bá ti Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀ṣà wá, Nagô náà ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa kún Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè wa ní ọjà rẹ̀ àti ní èbúté rẹ̀.

Òfin Ìjọ ibẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn wà láìsàmì. Ìwé òfin tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Bahia gbé jáde ní ọdún 1707 pàṣẹ pé kí olówó ẹrú kọ́ ẹrú rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kí ó sì mú un wá síbi omi. Ìwé náà sì ṣe ètò ìbéèrè kúkúrú fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ tí wọn kò tíì gbọ́ èdè dáadáa. A ó bi ẹni tí a jí gbé, tí a dè, tí ó la òkun kọjá láàárín òkú àti alààyè, pé ṣé ó fẹ́ kí a fi omi mímọ́ wẹ ọkàn rẹ̀. Ta ni yóò wí pé rárá? Lẹ́yìn èyí a ó fún un ní orúkọ ẹni mímọ́ kan, orúkọ náà ni a ó sì kọ sínú ìwé nígbà tí a bá ń tún un tà.

A kò wí pé kò sí àánú rárá nínú Ìjọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, irú ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rosari, tí wọ́n ń dáwó láti sin òkú ara wọn bí ó ti yẹ, àti nígbà mìíràn láti ra ara wọn padà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí a kà, bàbá àgbà kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wa.

Licutan ni orúkọ rẹ̀, Nagô ni. Iṣẹ́ tábà ni ó ń ṣe fún olówó rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn. Pacífico ni a fi sàmì fún un, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ẹni àlàáfíà. Láàárín àwọn Ìmàle ìlú náà, àlùfáà ńlá ni, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó owó jọ lẹ́ẹ̀mejì láti rà á sílẹ̀. Olówó rẹ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní oṣù November ọdún 1834, a mú Licutan lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò jalè, kò sì pa ènìyàn. Olówó rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, a sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹrú náà bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àpótí tàbí àga, kí a lè tà á ní gbàǹjo. Àwọn tí olówó rẹ̀ jẹ ní gbèsè ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Karmẹli.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwa Yorùbá mọ ìwọ̀fà. A mọ bí ènìyàn ti í fi ara sin owó tí ẹlòmíràn jẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọjọ́ tí a bá san owó náà pé, ó di tilé baba rẹ̀. Ní ti ọkùnrin yìí, àwọn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti jẹ́ òtòṣì nítorí Kristi ni wọ́n fẹ́ tà á fún kí owó wọn lè wọlé. Bí ẹnì kan bá lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n náà, tí ó wí fún un pé ìfẹ́ ni Ọlọ́run tí àwọn wọ̀nyí ń sìn, kí ni kí ó dá a lóhùn? Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá kí i níbẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀.

Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ Àìkú, 25 January 1835, tí àwọn ará ìlú ti wọ́ lọ sí àjọ̀dún ní Bonfim, tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì sì ń lọ sí òpin, àwọn Ìmàle dìde ọ̀tẹ̀. Àwọn òpìtàn kà wọ́n sí nǹkan bí ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀wọ̀n tí Licutan wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ a ti ṣẹ́gun wọn, àwọn tí ó kú nínú wọn sì lé ní àádọ́rin. Ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ni Bràsíìlì ń pè é títí di òní, òǹkàwé kò sì nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé "Ìmàle" ni. Tírà ni a bá lára àwọn òkú, a sì bá wàláà àti ìwé tí a fi èdè Lárúbáwá kọ nínú ilé wọn.

Ẹgba 1,200 ni a dá fún Licutan, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ní òru ọ̀tẹ̀ náà. Nígbà tí a mú un wá síwájú adájọ́, ó ní Bilali ni òun ń jẹ́. Adájọ́ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Licutan ni a mọ̀ ọ́n sí. Ó dáhùn pé òótọ́ ni pé Licutan ni òun, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá wu òun ni òun lè mú. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé láàárín àwọn mùsùlùmí mọ Bilali: ẹrú aláwọ̀ dúdú ni, tí a dá sílẹ̀, tí ó sì di ládànì Ànábì Muhammadu.

Ní oṣù May ọdún kan náà, ìjọba Bahia ṣe òfin láti lé àwọn ará Áfríkà tí ó ti dòmìnira, tí a bá fura sí, kúrò ní ilẹ̀ náà. Nínú òfin yìí kan náà ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí olówó ẹrú tí ó bá ní ẹrú tí kò tíì gba ìsàmì mú un kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó sì sàmì fún un láàárín oṣù mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò san ìtanràn. Bí ìsàmì ti di ọ̀ràn ọlọ́pàá nìyẹn. A kò rò pé ọ̀tá Kristi kan lè rí ohun tí ó burú jù èyí ṣe sí orúkọ Rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ ni ọkọ̀ ti ń kó wọn padà sí Ouidah, Agoué, Àjàṣẹ́ àti Èkó. A lé àwọn kan. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọkọ̀. Orúkọ ìsàmì ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tán, àwọn kan fi rosari sílẹ̀ wọ́n mú tẹ̀sùbáà ní gbangba, àwọn kan sì padà sí ìdí òrìṣà baba wọn.

Ṣé a lè wí pé wọ́n fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀? Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò wí pé ohun tí ènìyàn kò fi ọkàn gbà, kò lè fi í sílẹ̀. Àwa kò fẹ́ tètè gba ọ̀nà àbùjá yẹn, nítorí ìtàn fi hàn pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí a dè ni kò gbàgbọ́. Kí àlùfáà Àgùdà kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó láti wá máa gbé ibẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì bọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi í joyè àlùfáà rí, ti ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà, ó ń sàmì fún ọmọ wọn, ó sì ń gbàdúrà sí òkú wọn. Nígbà tí Fada Francesco Borghero, ẹni tí ó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní April 1861, bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá, kì í ṣe aginjù. Kò sí olówó ẹrú ní ẹ̀yìn Padre Antonio mọ́, kò sì sí ìtanràn. Omi ìsàmì kan náà ni a dà sí òun àti Licutan lórí.

Àwọn tí ó kúrò wọn ẹ̀sìn náà wò lára ọwọ́ tí ó gbé e wá fún wọn, wọ́n sì rí i pé kò tẹ̀wọ̀n. Wọn kò jiyàn lórí Mẹ́talọ́kan tàbí lórí àjíǹde. Ìwé tilẹ̀ wà nínú ọ̀ràn yìí. Lórí wàláà, Ìmàle Bahia kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà àti kíkọ, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn ni òun. Ẹ̀sìn olówó rẹ̀ fún un ní orúkọ, kò fún un ní Bíbélì.

Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o ní Òṣogùn, òun tìkára rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Ìmàle Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà nínú ogun tí ó kó wọn. A tà á títí dé Èkó, ọkọ̀ Pọtogí gbé e, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní April 1822, ó di ará Sàró. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun; ọjọ́ 11 December 1825 ni a tó sàmì fún un. Licutan tí àwọn onígbàgbọ́ rà dúró nínú Ìmàle. Ajayi tí ogun tí Ìmàle wà nínú rẹ̀ kó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Olúkúlùkù kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀sìn ẹni tí ó dè é. A rò pé Crowther mọ èyí dáadáa, nítorí nígbà tí ó dàgbà, tí ó ń bá àwọn mùsùlùmí sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin àti ní etí Ọya, kì í bá wọn jà lórí ẹ̀sìn. Ìwé ni ó máa ń ṣí, tí í máa kà.

Ṣùgbọ́n kí àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà má ṣe yangàn nítorí Crowther. Ní ọdún 1710 Christopher Codrington fi oko ìrèké rẹ̀ ní Barbados, tòun ti àwọn ẹrú inú rẹ̀, sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún fún ẹgbẹ́ ìjíhìnrere Ìjọ Ẹ́ńgílándì. Ẹgbẹ́ náà gbà á, wọ́n sì ń jẹ èrè rẹ̀. A fi irin gbígbóná kọ orúkọ Ẹgbẹ́ sí àyà àwọn ẹrú wọ̀nyí. Ọdún 2006 ni ìgbìmọ̀ ńlá Ìjọ náà tó tọrọ ìdáríjì ní gbangba. Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún ti kọ̀wé lòdì sí òwò ẹrú ní December 1839, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bràsíìlì kò dá ẹrú sílẹ̀ títí di 1888. Póòpù John Paul Kejì sì lọ dúró ní erékùṣù Gorée ní ọdún 1992 láti tọrọ ìdáríjì. Nítorí náà nígbà tí olùbéèrè wa bá dìde nísinsin yìí, a kì í tún wí pé ti Àgùdà ni. A máa ń jẹ́wọ́ Codrington fún un kí a tó sọ̀rọ̀ Crowther. Ẹnì kan fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sì padà. Àwọn méjì sọ pé ọjọ́ náà ni àwọn kọ́kọ́ fọkàn tán wa.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ó kan ìlú yìí. Ní 10 August 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris láti pààlà. Nínú ìwé àdéhùn náà wọ́n dárúkọ Ìpókíá, tí wọ́n kọ ní Pokrah, pé kí ìlà tí yóò gba odò Ajara kọjá fi í sí ìhà Èkó. Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn Fada ti dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láti 1864, bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Kò sí ẹnì kan tí ó bi àwọn Ànàgó léèrè. Láti ọjọ́ náà, irú oníwàásù tí yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ọmọ ìyá méjì ń tẹ̀lé ìhà odò tí ìyá wọn bí wọn sí.

Ẹni tí ó bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá dé Àjàṣẹ́ lónìí yóò rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ibẹ̀, tí àwọn tí ó mọ ilé kíkọ́ Bràsíìlì kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àjèjì tí ó bá wo iwájú rẹ̀ yóò rò pé ilé ìsìn Àgùdà ni, nítorí bí ti Bahia ni wọ́n ṣe é. Lára àwọn ọlọ́lá mùsùlùmí ìlú náà ni Ignacio, olùdámọ̀ràn Ọba Toffa, tí àwọn Faransé tún fi sínú ìgbìmọ̀ ìjọba wọn. Baba rẹ̀, José, ni a ti tà sí Bràsíìlì rí, kí ó tó padà wá sí Àjàṣẹ́. Ìmàle ni baba, Ìmàle ni ọmọ. Wọn kò pa orúkọ tí wọ́n gbà ní oko ẹrú rẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ń jẹ́ ẹ síbẹ̀. Paraïso ni orúkọ náà. Ní èdè Pọtogí, Párádísè ni ìtumọ̀ rẹ̀.