Ẹ̀rù Ẹni tí Ń Kọ́ Alùpùpù

Ọgbọ́n wà nínú bí èdè wa ti pín iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀. Wíwà ni à ń wa mọ́tò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ ojú omi. Gígùn ni à ń gun alùpùpù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gun ẹṣin. Ẹni tí ó wa mọ́tò jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tí ó gun alùpùpù jókòó lé e lórí, ó sì lè gbé e ṣánlẹ̀ nígbàkígbà. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, gígùn àti ẹ̀rù kò ṣàjèjì sí ara wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin da àwọn baba wa láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí di ìgbà èwe mi ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ìlá pé ẹni tí ó bá gun ẹṣin wọ̀lú, bí kì í bá ṣe ìjòyè, ọ̀tá ni.

Ipò ẹṣin yìí ni alùpùpù jogún. Tísà, àlùfáà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé kòkó ni wọ́n ń gùn ún. Vespa, tí àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1946, ni ó wu àwọn àgbà nínú wọn, nítorí pé irin tí ó bo iwájú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ṣòkòtò. (Mo ṣì gbà pé kò sí ohun ìrìnnà tí ó yẹ agbádá tó o.) Àwa ọ̀dọ́ tísà kò lè rà á, àfi nígbà tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji jábọ̀ lórí owó òṣìṣẹ́ ní 1974, tí a sì san àfikún owó ọ̀pọ̀ oṣù fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Owó Údójì ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹlòmíràn fi ra rédíò, ẹlòmíràn fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Èmi fi ra Honda, n kò sì mọ̀ ọ́n gùn.

Mẹ́káníìkì kan tí mo jù lọ́jọ́ orí ni ó kọ́ mi, ní pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n tan án. Ó ní kí n máa tì í kiri títí apá mi yóò fi mọ bí ó ti wúwo tó. Lẹ́yìn èyí ni a kan ojú abẹ níkòó. Ọwọ́ òsì ń mú kíláàṣì, ẹsẹ̀ òsì ń wọ jíà, ọwọ́ ọ̀tún ń fún un níná, ó tún ń mú búréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ búréèkì ẹ̀yìn: apá méjì, ẹsẹ̀ méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, orí kan ṣoṣo ni yóò sì pàṣẹ fún gbogbo wọn. Bí mo bá tú kíláàṣì sílẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ náà a ta bí ewúrẹ́, a sì kú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tò sí etí pápá, wọ́n ń wò mí.

“Tísà, ẹ má wo táyà. Ibi tí ojú yín bá ń wò ni yóò gbà lọ.”

Igi máńgòrò kan wà ní igun pápá. Mo tẹjú mọ́ ọn kí n má baà lù ú, mo sì lọ lù ú. Àpá ibi tí sàlẹ́ńsà ti jó mi lẹ́sẹ̀ kò tíì parẹ́ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, níbi tí òkè pọ̀ sí. Ọdún bíi mẹ́ta ni Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, àwọn àgbà mìíràn tí wọ́n ti pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ ṣì máa ń gbàgbé. Ìtàn wa ní ogbó tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún ni ó la ọ̀nà fún un, òun ni a sì fi ń jẹ́ Ìgbómìnà: ogbó mọ̀nà. Honda tèmi kò mọ ọ̀nà kankan.

Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà wó lulẹ̀, mọ́tò di ọ̀wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ìwé kò sì ríṣẹ́. Alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Orúkọ tí aráyé sọ ọ́ dùn mọ́ni: ọ̀kadà, láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi ìlú Okada rẹ̀ sọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, orúkọ kò bá a lọ.

Èrò tèmi ni pé ìgbà yìí ni ẹ̀rù pààrọ̀ ìjókòó. Nígbà tiwa, ara ẹni tí ó mú ọwọ́ alùpùpù ni ẹ̀rù wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi máa ti irin kiri pápá. Ọ̀rẹ́ a yá a ní ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ a ti gbé èrò méjì. Àwọn tí ó gbé sẹ́yìn ni wọ́n ń gbàdúrà. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì pàṣẹ aṣíborí ní oṣù kìn-ín-ní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ iye owó aṣíborí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo gun ọ̀kan láti ọjà Ìlá lọ sílé. Ó ń sáré. Mo bi ọmọkùnrin náà pé ọjọ́ mélòó ni ó fi kọ́ ọ.

“Ọ̀sán kan ni, sà.”

Mo di irin ẹ̀yìn mú. Ó yí ojú díẹ̀, ó ní: “Ẹ ò mọ̀ mí mọ́, Tísà. Mo wà létí pápá lọ́jọ́ tí ẹ lọ lu igi máńgòrò.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa wo iwájú.