Àpáta Tí Kì Í Ṣe Àpáta

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Mile 12, ẹ ó dé Ajégúnlẹ̀ tiwa. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti apá Àpápá tí gbogbo ayé mọ̀ o. Èyí tó wà létí odò Ògùn ni mò ń wí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja inú gíláàsì, ẹja tí a kì í jẹ, tí a kàn ń wò. Lọ́jọ́ kan mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí. Ó gbẹ́ ẹ títí ó fi ní ihò àti gegele bí ara Olúmọ. Ó wá po sìmẹ́ńtì bí ẹ̀kọ mímu, ó ń fi búrọ́ṣì kùn ún lára.

"Àbúrò, kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, àpáta ni. Ẹ̀yìn ilé ẹja ni mo máa gbé e sí. Àwọn kan tiẹ̀ ń rà á fún ìjàpá àti aláǹgbá tí wọ́n ń sìn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Àpáta tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè gbé!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà. Ẹ padà wá bí mo bá ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpáta tòótọ́, ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín léèrè kí ẹ tó mú ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń ṣe àpáta tí Ọlọ́run kò dá. Ní ọdún 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà ọmọ Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì tó pè ní Portland. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí ìdílé kan tó ń jẹ́ Pulham fi sọ àpáta ṣíṣe di iṣẹ́ ìdílé. Wọn a kó àfọ́kù bíríkì jọ gègèrè, wọn a fi sìmẹ́ńtì bò ó, wọn a sì fi ọwọ́ ya ìlà sí i lára bíi pé òjò ẹgbẹ̀rún ọdún ló fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àpáta wọn ṣì wà ní Battersea Park ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Ní ọdún 1907, Carl Hagenbeck, ará Jámánì tó ń ta ẹranko, ṣí ọgbà ẹranko tirẹ̀ ní Stellingen lẹ́bàá Hamburg. Ó ní òun kò fẹ́ irin gàgàrà mọ́. Ó gbẹ́ kòtò síwájú kìnnìún, ó fi òkè àti àpáta àtọwọ́dá sẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wòran á rò pé inú igbó lòun wà. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń kó èèyàn wá láti Áfíríkà àti ibòmíràn, tó ń fi wọ́n han àwọn òyìnbó bí ìran wíwò. Ẹ ò rí i pé ohun tó dára lójú lè ní ìtàn tí kò dára.

Ní tòsí ọdún 1950 ni iléeṣẹ́ BASF nílẹ̀ Jámánì ṣe fóòmù funfun tí a ń wí yìí. Nínú ìpín ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀, ìpín méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí ló fi fúyẹ́, òun náà ló sì fi jẹ́ pé aṣọ sìmẹ́ńtì tí a wọ̀ fún un ni gbogbo agbára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí la ń wá lọ sókèèrè? Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, àwọn ìyá wa ló sì máa ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń pa ilẹ̀ ilé kó lè máa dán. Nígbà tí àwọn Àgùdà dé sí Èkó láti Brazil ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kó ọgbọ́n tiwọn dé, wọ́n ń ya òdòdó àti ẹranko sára ilé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló ti jáde. Nígbà tó sì di ọdún 1960, tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sìmẹ́ńtì ń jáde nítòsí wa náà.

Òṣogbo ni iṣẹ́ náà ti wá lé téńté. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní 1915, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier wá sí Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tó yá, ikán ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun run, wọ́n sì ké sí i pé kó bá wọn tún un ṣe. Kò kó òyìnbó wá. Bíríkìlà àti káfíńtà Òṣogbo ló bá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tí Beier ṣàkíyèsí nígbà tó ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko, irú èyí tó wà lórí ilé àwọn Àgùdà. Ọwọ́ tó ń rẹ́ ògiri ilé oníyàrá méjì ni ọwọ́ tó ń mọ òrìṣà! Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá, wọ́n gba irin mọ́ra, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun náà mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo àgbáyé. Àdùnní Olórìṣà kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Síbẹ̀, òjò kò mọ UNESCO. Bí sìmẹ́ńtì bá sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, amọ̀ á wú, ohun tó wà nínú á sì ti ohun tó wà lóde dànù. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe igbó náà kò fi lè parí láéláé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Mo bi ọmọ Ajégúnlẹ̀ wa léèrè àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣàn dáadáa kó lè wọ gbogbo ihò. Èyí tó tẹ̀ lé e á ki díẹ̀ sí i. Bó bá ti kun ọ̀kan, á fi ọ̀rá bò ó, á sì máa wọ́n omi sí i, torí pé sìmẹ́ńtì kì í ṣe aṣọ tí à ń sá sóòrùn. Omi ló fi ń le. Ó ní kí n má ṣe dán ọ̀dà tó ní tínà tàbí bẹntiróòlù wò lára fóòmù lásán, torí pé yóò yọ́ bí iyọ̀ ni. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí àpáta náà bá parí, á rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa pààrọ̀ omi náà. Oró ẹfun inú sìmẹ́ńtì lè pa ẹja.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹja mẹ́rìnlá tó kú ló kọ́ mi, sà. Mo kánjú."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ń dùn mí. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, odò Ògùn kún àkúnya, ó sì ya bo Ajégúnlẹ̀. Omi gba ilé lọ́wọ́ wa. Ilé ìyá mi wà lára wọn. Nígbà tí omi fà, ìyá mi fẹ́ padà sílé kí Kérésì tó dé, èmi náà sì fẹ́ jẹ́ ọmọ gidi. Bíríkìlà ní kí n jẹ́ ká fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ògiri, ká fi sílẹ̀ kí omi inú rẹ̀ jáde. Mo ní kò sáyè. Mo ní kó rẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó kùn ún. Ilé náà dán gbinrin ní Kérésì, gbogbo àdúgbò ń kí mi kú iṣẹ́.

Kó tó di Ọdún Àjíǹde, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí iná jó. Lóru ọjọ́ kan, odindi abala kan já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi. Orí ló yọ ọ́. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, kò bá mi wí. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹrẹ̀ lo wọ aṣọ fún."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ilé tó ń dán, mo máa ń fi ìka kàn án lára, kó dún kí n gbọ́. Fóòmù ọmọ yẹn kì í ṣe àpáta, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tàn nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó mọ ohun tó wà nínú, ó mọ ohun tó fi bò ó, ó sì ní sùúrù láàárín méjèèjì. Ògiri tèmi, ògiri tòótọ́ ni, síbẹ̀ irọ́ ni mo rẹ́ mọ́ ọn lára.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo nawọ́ sí àpáta tuntun kan. Ọmọkùnrin náà sáré dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta."

Mo ní, "Àbúrò, fi kún un, jẹ́ kó di mẹ́rin."